Títú àti Dídè: Ìtàn Bóòtì tó So Bọ́dì Ẹ̀yìn Mọ́ Ṣásí Ọkọ̀ Akẹ́rù ní Abẹ́òkúta

1. Ìfáàrà

Àwọn onímọ̀ ìtàn ti kọ púpọ̀ lórí bí ọkọ̀ ojú irin àti mọ́tò ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ìjọba tó la ọ̀nà, oníṣòwò tó ra ọkọ̀, awakọ̀ tó wà á, àti kòkó, obì, ẹ̀kúrọ́ àti gàrí tí ọkọ̀ gbé lọ sí Èkó. Àmọ́ bí a bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, a ó rí i pé ohun méjì ni ọkọ̀ náà. Ní ìsàlẹ̀ ni ṣásí wà, èyí tí ẹ́ńjìnnì àti táyà rọ̀ mọ́. Lókè rẹ̀ ni bọ́dì ẹ̀yìn wà, níbi tí ẹrù wà tàbí tí èrò jókòó sí. Ohun tó so méjèèjì pọ̀ kò ju bóòtì mélòó kan lọ, ìyẹn àwọn ọ̀pá irin kúkúrú tí a fín tẹ́ẹ̀dì yí ká, tí nọ́ọ̀tì sì ń yí wọ̀ láti fún wọn pa.

Ète wa nínú bébà yìí ni láti tọ ipasẹ̀ bóòtì yìí nínú ìtàn Abẹ́òkúta àti ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ohun tí a fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ojú ibi tí bọ́dì ti pàdé ṣásí ni ààlà tó wà láàárín iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè àti iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa. Bí ọ̀nà tí a ń gbà so ojú ibẹ̀ pọ̀ ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran ni agbára oníṣẹ́ ọwọ́ wa náà ń yí padà. Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sí ti ìtàn nìkan. Ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀, nítorí pé ohun tí a kò bá lè tú mọ́ kò ṣe é yẹ̀ wò, ohun tí a kò bá sì lè yẹ̀ wò, a kì í mọ ọjọ́ tí yóò já.

A ó kọ́kọ́ wo ohun tí èdè Yorùbá fi hàn nípa ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn náà ni a ó wo ìgbà tí mọ́tò kò tíì dé, ìgbà bọ́lẹ̀kájà, ìgbà píkọ́ọ̀pù, bí a ṣe ń tú bọ́dì àti bí a ṣe ń dè é padà, àti bí iṣẹ́ ajórinmọ́rin ṣe ń gba ipò bóòtì lónìí.

2. Ẹ̀rí láti inú èdè

Èdè a máa pa ìtàn mọ́ níbi tí ìwé kò bá sí. Nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí Yorùbá ní fún síso nǹkan pọ̀, mẹ́ta ló kàn wá nínú iṣẹ́ yìí. Èkíní ni 'kàn'. A máa ń kan ìṣó mọ́ igi. Èkejì ni 'dè'. A máa ń de ewúrẹ́ mọ́ èèkàn. Ẹ̀kẹta ni 'jó', èyí tó wà nínú orúkọ oníṣẹ́ tí à ń pè ní ajórinmọ́rin, ẹni tó ń fi iná so irin pọ̀ mọ́ irin.

Bí a bá fẹ́ mọ bí àwọn mẹ́ta yìí ṣe yàtọ̀ síra, kí a wo òdì wọn. Òdì kàn ni 'yọ'. A lè yọ ìṣó, ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ yóò kù sára igi, ìṣó náà kò sì ní fẹ́ dúró dáadáa mọ́ bí a bá dá a padà síbẹ̀. Òdì jó ni 'gé'. Irin tí a ti jó pọ̀ kò ní kókó tí a lè tú. Àfi kí a fi ayùn irin tàbí iná gé e, bí a bá sì ti gé e, ohun méjèèjì ti fara pa. Òdì dè nìkan ni 'tú'. Ohun tí a dè ṣe é tú láìba nǹkan jẹ́, ó sì ṣe é dè padà.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé nígbà tí bóòtì dé, orúkọ rẹ̀ nìkan ni àwọn oníṣẹ́ wa yá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò yá ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀. Mẹkáníìkì kì í kan bóòtì. A máa de nọ́ọ̀tì, a sì máa tú u. Èyí fi hàn pé lójú àwọn tó kọ́kọ́ bá a ṣiṣẹ́, bóòtì kì í ṣe ẹ̀yà ìṣó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ìrísí jọ ìṣó. Ìdílé okùn ni wọ́n kà á mọ́. Bí ewúrẹ́ ṣe wà lórí ìso, tí olówó rẹ̀ sì mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí òun yóò tú u, bẹ́ẹ̀ ni bọ́dì ṣe wà lórí ṣásí.

Ẹnìkan lè sọ pé àṣà ẹnu lásán ni èyí, pé a kò gbọdọ̀ gbé ẹrù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo lórí. A gbà pé èdè nìkan kò tó ẹ̀rí. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

3. Kí mọ́tò tó dé: 1830 sí 1918

Nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó lábẹ́ Ṣódẹkẹ́. Lára iṣẹ́ ọwọ́ tó wà láàárín wọn ni iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ àti ti gbẹ́nàgbẹ́nà. Gbẹ́nàgbẹ́nà àtijọ́ a máa gbẹ́ nǹkan láti ara ìtì igi kan ṣoṣo, yálà odó ni o, yálà ọpọ́n tàbí ère. Iṣẹ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ìsopọ̀. Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ irin, ó sì lè so irin mọ́ irin nínú iná.

Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn Sàró ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti Sierra Leone. Púpọ̀ nínú wọn ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ aránṣọ. Ní 1846 ni àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. fìdí kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Henry Townsend sì wà lára wọn. Nípasẹ̀ àwọn Sàró àti àwọn míṣọ́nnárì ni ayùn, pákó àti iṣẹ́ ìsopọ̀ pákó fi gbilẹ̀ nínú ìlú. Orúkọ tuntun náà, káfíńtà, bá iṣẹ́ tuntun náà wọlé, torí pé káfíńtà kì í gbẹ́ ìtì igi, pákó ni ó ń tò pọ̀.

Láàárín ọdún 1850 sí 1860 ni ẹ̀rọ tí ń ya kóró kúrò lára òwú dé Abẹ́òkúta, nígbà tí Thomas Clegg, oníṣòwò ará Manchester, àti àwọn C.M.S. ń gbìyànjú láti sọ òwú di ọjà tí a ó máa kó ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1859 ni ilé ìtẹ̀wé Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ẹ̀rọ tí a tò pọ̀ láti ọ̀kẹ́rẹ́, tó sì ṣe é tú palẹ̀, kì í ṣe àjèjì ní ìlú yìí ní nǹkan bí ogójì ọdún kí ọkọ̀ ojú irin tó dé. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ó jẹ́ kí a mọ̀ pé mọ́tò kò bá àwọn oníṣẹ́ Ẹ̀gbá ní òfìfo.

Ní 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin láti Èkó. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Àkókò yìí kan náà ni Ìjọba Àpapọ̀ Ẹ̀gbá, tó wà láti 1898 títí di 1914, ń la ọ̀nà nínú ilẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ Aláké Gbádébọ̀ Kìíní. Lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó gba agbára ìjọba náà ní 1914, owó orí àti iṣẹ́ ọ̀nà àfipáṣe bí ará ìlú nínú. Ní 1918 ni Ogun Adubí bẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó jagun náà hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n sì já wáyà tẹligíráàfù.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà mu, ìyẹn 'hú'. Igi tàbí ẹ̀gẹ́ ni a máa ń hú. Ohun tí ìjọba gbìn sí ilẹ̀ onílẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀ ni ará ìlú hú. Kò pẹ́ tí ogun náà tán ni àwọn ará ìlú kan náà fi owó ara wọn ra mọ́tò, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kan bọ́dì rẹ̀. Ojú tí wọ́n fi wo ojú irin kọ́ ni wọ́n fi wo mọ́tò, ohun tó sì fa ìyàtọ̀ náà ni a fẹ́ wò báyìí.

4. Ìgbà bọ́lẹ̀kájà

Nǹkan bí 1906 ni ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ti wà. Ní Èkó, W. A. Dáwódù wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó kọ́kọ́ sọ títa mọ́tò àti títún un ṣe di òwò ńlá kí ó tó kú ní 1930. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ọkọ̀ Ford àti Chevrolet gbilẹ̀ lójú ọ̀nà wa. Ní 1931 ni ilé iṣẹ́ Vauxhall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù Bedford, èyí tó wá di gbajúmọ̀ jákèjádò ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tó fi di àárín 1930 sí 1940, ọkọ̀ akẹ́rù ti ń bá ọkọ̀ ojú irin du ẹrù débi pé ìjọba ń fi owó láísẹ́ǹsì ká àwọn ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ kò. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Abẹ́òkúta rí, wà lára àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ nígbà náà.

Ohun tó jẹ wá lógún ni pé bí ọkọ̀ wọ̀nyí bá ti òkè òkun dé, ṣásí àti ẹ́ńjìnnì ni ó sábà máa ń jẹ́, nígbà mìíràn pẹ̀lú iwájú tí awakọ̀ ń jókòó sí. Káfíńtà ilẹ̀ wa ni ó ń kan bọ́dì ẹ̀yìn. Igi líle bí ìrókò tàbí apá ni ó dára fún àwọn ìtì tó máa gbé ẹrù. Pákó fífẹ́lẹ́ ni a fi ń ṣe ìgànpá àti òrùlé. Akunlé a sì kun ún, a kọ òwe tàbí àdúrà sí i lórí. Ọkọ̀ yìí ni àwọn èrò sọ ní bọ́lẹ̀kájà, nítorí ìjà tí àwọn ọmọ ọkọ̀ máa ń bára wọn jà lórí èrò ní ibùdókọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń so bọ́dì igi mọ́ ṣásí irin? Ṣásí jẹ́ irin gígùn méjì tí ojú wọn là bí lẹ́tà C, tí àwọn irin kúkúrú sì dábùú wọn. Etí òkè àti etí ìsàlẹ̀ irin gígùn yìí ni ìnira ẹrù ti ń pọ̀ jù lọ. Bí a bá lu ihò sí etí náà, ibẹ̀ ni irin yóò ti kọ́kọ́ sán. Nítorí náà, wọ́n a tẹ́ ìtì igi gígùn lé ṣásí lórí, wọ́n a sì fi yúbóòtì, ìyẹn irin tí a tẹ̀ bí lẹ́tà U, gbá igi àti irin mọ́ra, kí wọ́n tó fi nọ́ọ̀tì dè é. Wọ́n a tún fi igi há àárín etí méjèèjì lójú ibi tí yúbóòtì wà, kí etí náà má baà wọ́ nígbà tí a bá fún un pa. Alágbẹ̀dẹ tó mọ irin rọ lè tẹ yúbóòtì náà. Ẹni tó bá sì ní irinṣẹ́ ìfíntẹ́ẹ̀dì lè fín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Iṣẹ́ tó nílò àmójútó ni. Igi a máa gbẹ, a sì máa súnkì. Nígbà ọyẹ́, ìtì igi tó ti wú nígbà òjò yóò fẹ́lẹ́ sí i, nọ́ọ̀tì tó fún pinpin ní oṣù Keje lè dẹ̀ ní oṣù Kìíní, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọlọ́kọ̀ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní dúró kí ó gbọ́ gbọ̀ngàn-gbọ̀ngàn kí ó tó mú sípánà. Bí ó bá sì kàn pé ṣásí náà ti gbó, wọ́n lè tú àwọn nọ́ọ̀tì, kí wọ́n gbé bọ́dì kúrò, kí wọ́n sì dè é mọ́ ṣásí mìíràn. Bí igi ló bá jẹrà, wọ́n lè kan òmíràn sórí ṣásí kan náà.

Níhìn-ín ni ẹ̀rí iṣẹ́ ti bá ẹ̀rí èdè pàdé. Ìdajì ọkọ̀ náà wá láti òkèèrè, ìdajì jẹ́ tiwa, bóòtì sì ni àdéhùn tó wà láàárín wọn. Àdéhùn náà ṣe é tú, ó ṣe é tún ṣe, ẹni tó sì wà ní Abẹ́òkúta ló ni àṣẹ lórí rẹ̀. Ẹni tó mọ ìdè ló mọ ìtú. Kò yani lẹ́nu pé àwọn awakọ̀, alágbẹ̀dẹ àti mẹkáníìkì jọ ń bọ Ògún.

5. Ìgbà píkọ́ọ̀pù àti ìdàrúdàpọ̀ ìwọ̀n

Ìyípadà dé díẹ̀díẹ̀. Ní 1968 ni Toyota gbé Hilux àkọ́kọ́ jáde. Peugeot àti Datsun náà ní píkọ́ọ̀pù tiwọn. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, ti Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún kan náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, Abẹ́òkúta sì di olú-ìlú. Ìlú tó jẹ́ ti àgbẹ̀, oníṣòwò àti agbókùúta, tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ẹ̀wẹkorò sì ti wà nítòsí rẹ̀ láti 1960, wá di ìlú iṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú. Ọkọ̀ kékeré tó lè gbé èèyàn sí iwájú, kí ó sì gbé ẹrù sí ẹ̀yìn, bá irú ìlú bẹ́ẹ̀ mu.

Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù kì í ṣe igi. Páànù irin ni, ilé iṣẹ́ tó ṣe ṣásí náà ló sì ṣe é. Nínú irú èyí tí ṣásí rẹ̀ dá dúró, bíi Hilux, bóòtì mẹ́fà sí mẹ́jọ ló sábà máa ń de ẹ̀yìn náà mọ́lẹ̀, wọ́n sì máa ń gba inú ihò tí ilé iṣẹ́ ti lù sílẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ti kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti alágbẹ̀dẹ. Ohun tó kù fún oníṣẹ́ Abẹ́òkúta ni kí ó tú ohun tí ẹlòmíràn dè, kí ó sì dè é padà.

Àní, ìwọ̀n tuntun tún dé. Ní 1841 ni Joseph Whitworth, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dábàá ìwọ̀n kan fún bóòtì. Ínṣì ni a fi ń wọ̀n ọ́n, igun tẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì jẹ́ dígírì 55. Ìwọ̀n yìí àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ mú wá. Ọkọ̀ Faransé àti ti Japan ń lo mìlímítà, igun tẹ́ẹ̀dì tiwọn sì jẹ́ dígírì 60. Àpẹẹrẹ kan tó. Bóòtì Whitworth oní-ìdajì ínṣì nípọn ní mìlímítà 12.7, tẹ́ẹ̀dì 12 ni ó sì wà nínú ínṣì kan lára rẹ̀, ìyẹn ni pé tẹ́ẹ̀dì kan fi nǹkan bí mìlímítà 2.1 jìnnà sí èkejì. Bóòtì oní-mìlímítà 12 tó wọ́pọ̀ ní tẹ́ẹ̀dì tó fi mìlímítà 1.75 jìnnà síra. Ojú lásán kò lè fi bẹ́ẹ̀ dá méjèèjì mọ̀. Bí a bá fi èyí wọ nọ́ọ̀tì ti tọ̀hún, yóò yí díẹ̀, yóò sì há. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ó ti fún pa. Etí tẹ́ẹ̀dì díẹ̀ péré ló dì í mú, àwọn wọ̀nyí sì lè jẹ tán lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò.

Nítorí náà, oníṣẹ́ tó ní sípánà ínṣì nìkan, tàbí tó ń kó bóòtì àlòkù jọ sínú agolo kan ṣoṣo, wà nínú ewu tí kò sí fún bàbá rẹ̀. Láti dènà rẹ̀, ó ní láti fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì wọ̀ ní àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀tì tó bá bá bóòtì rẹ̀ mu yóò fi ìrọ̀rùn yí dé ìdí láìsí sípánà. Ó sì ní láti wo nọ́ńbà orí bóòtì mìlímítà, nítorí pé èyí tó ní 8.8 lágbára ju èyí tó ní 4.8 lọ dáadáa, bí wọ́n tilẹ̀ nípọn bákan náà.

6. Bí a ṣe ń tú u, àti bí a ṣe ń dè é padà

Bí ọgbọ́n bá tilẹ̀ dín kù nínú kíkan bọ́dì, ó pọ̀ nínú títú u. A ó ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí, nítorí irú ìmọ̀ yìí kì í sábà dé inú ìwé wa.

Kò sí ẹni tó ń tú ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù láìnídìí. Ó lè jẹ́ pé táǹkì epo ń jò, pé páìpù bíréèkì ti dípẹtà, tàbí pé ṣásí ti sán níbi tí ojú kò tó. A ó kọ́kọ́ yọ orí bátìrì, a ó sì tú wáyà iná ẹ̀yìn. Lẹ́yìn èyí ni a ó tú ẹnu ibi tí a ti ń rọ epo kúrò lára bọ́dì, nítorí pé ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ yóò fa páìpù epo ya nígbà tí ó bá ń gbé e. A ó yọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí ẹrù lè fúyẹ́.

Bóòtì tó ti dípẹtà ni ìdánwò tó tẹ̀lé e. Ìkánjú kò dára níbẹ̀. A ó fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ìpẹtà kúrò, a ó ta epo sí i, a ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì bí àyè bá wà. Bí a bá fi agbára yí i lójijì, orí rẹ̀ lè kán. Láwọn ibòmíràn, wọ́n ti jó nọ́ọ̀tì mọ́ ṣásí láti ilé iṣẹ́. Bí irú nọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ bá já, yóò máa bá bóòtì yí ni láìtú. Iná dára fún bóòtì tó bá ṣorí kunkun, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ súnmọ́ táǹkì epo.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti tú, èèyàn bíi mẹ́rin sí mẹ́fà yóò gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà náà ni ṣásí yóò wà níhòòhò. Èyí ni àkókò tó níyelórí jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà, nítorí pé ohun tó farapamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ti wá sí gbangba. Oníṣẹ́ gidi yóò fi òòlù kékeré kan irin náà káàkiri, yóò sì fi etí sí ìró rẹ̀. Irin tó le a máa dún kíkan, irin tí ìpẹtà ti jẹ a máa dún bòlòbòlò.

Nígbà tí a bá ń dá a padà, rọ́bà tàbí irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín bọ́dì àti ṣásí gbọ́dọ̀ padà sí àyè rẹ̀ gan-an. Bí ọ̀kan bá sọnù, bọ́dì yóò wọ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì ní pa dé. A ó fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ gbogbo bóòtì kí a tó fún ẹyọ kan pa. Lẹ́yìn náà ni a ó máa dè wọ́n ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́: ọ̀kan níwájú lápá ọ̀tún, ọ̀kan lẹ́yìn lápá òsì, títí gbogbo wọn yóò fi rí ìwọ̀n kan náà. Nọ́ọ̀tì tó ní ohun ìdènà nínú kò yẹ kí a lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn fún ọjọ́ mélòó kan, a ó tún fi sípánà kàn wọ́n, nítorí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dè a máa jókòó kí ó tó fìdí múlẹ̀.

7. Nígbà tí dídè di jíjó

Láti 1986, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, owó náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì di ohun tí agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ká mọ́. Tòkunbọ̀ gba ìgboro. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí wá láti ibi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sí títì nígbà yìnyín, ìpẹtà sì ti mú bóòtì wọn kí wọ́n tó dé èbúté. Bóòtì tó kán nílò òmíràn, ó sì nílò àkókò. Iná ajórinmọ́rin yá, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ṣe kúrò ní ohun tí a dè, tí ó di ohun tí a jó mọ́ ṣásí.

Kì í ṣe pé a fẹ́ tàbùkù iṣẹ́ ajórinmọ́rin. Àwọn ló jogún iná alágbẹ̀dẹ, láìsí wọn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ì bá ti dúró. Ẹlòmíràn lè sọ pé ohun tí a jó pọ̀ le ju ohun tí a dè lọ, àti pé nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò lè dẹ̀ láéláé. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kárí. Ṣásí a máa lọ́ díẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń gba inú kòtò. Bóòtì àti rọ́bà ń fàyè gba ìlọ́ yìí. Ojú jíjó kò fàyè gbà á, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí iná ti yí ara irin padà, ni irin yóò ti sán. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹnikẹ́ni kò ní lè gbé bọ́dì náà sókè mọ́ láti rí bí ó ṣe sán. Páìpù bíréèkì tó ń jẹrà lábẹ́ rẹ̀ yóò máa jẹrà lọ. Láti 1988 ni a ti ní àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní orílẹ̀-èdè yìí, a sì ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ṣùgbọ́n ojú wọn kò lè la irin kọjá.

Ní ìgbà bọ́lẹ̀kájà, iṣẹ́ tiwa lè tú kúrò lára iṣẹ́ òkèèrè. Ní ìgbà píkọ́ọ̀pù, iṣẹ́ òkèèrè ni apá méjèèjì, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ṣì mọ ọ̀nà àárín wọn. Ní ìgbà jíjó, ọ̀nà náà ti dí. Ìmọ̀ ìtú ni a ń pàdánù, ẹni tí kò bá sì lè tú nǹkan mọ́, kò lè sọ pé òun mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

8. Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé kàn, dè àti jó jẹ́ ìpele mẹ́ta nínú ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ ní Abẹ́òkúta, wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe lásán. Ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí mọ́tò dé. Ó ti ẹ̀yìn káfíńtà Sàró àti ẹ̀rọ òwú wá. Kò sì rí bí àwọn kan ṣe máa ń sọ ọ́, pé òyìnbó ṣe ọkọ̀, àwa sì wọ̀ ọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwa ló ṣe ìdajì rẹ̀, àwa ló sì ni kókó tó so ìdajì náà mọ́ ìyókù.

Iṣẹ́ méjì ló kù sílẹ̀ fún ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa. Àkọ́kọ́ ni pé kí a tọ àwọn káfíńtà àgbà tó kan bọ́lẹ̀kájà lọ ní Lafẹ́nwá, Ìtòkò, Àdátán àti Kútọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, kí a gba orúkọ irinṣẹ́, orúkọ igi àti orúkọ ẹ̀yà bọ́dì sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Bọ́lẹ̀kájà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lójú títì. Bí àwọn tó kàn án bá lọ, ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ náà yóò bá wọn lọ. Èkejì ni pé kí àwa tí à ń kọ ìtàn má ṣe dúró lórí ẹni tó ni ọkọ̀ àti ẹni tó wà á nìkan. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́ náà ní ìtàn. Ní tirẹ̀, ìbéèrè tó ṣe kókó nípa ohunkóhun tí a bá so pọ̀ ni bóyá yóò ṣe é tú lọ́jọ́ tí ó bá yẹ kí a tú u. Ìbéèrè gidi nìyẹn fún onímọ̀ ìtàn pẹ̀lú.